Lẹ́tà Sí Àwọn Òbí Ní Ìparí Sáà Kejì: Ẹ Máa Dá Ọmọ Lóhùn

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àmójútó. Ìwé èsì ìdánwò sáà kejì wà nínú báàgì àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ ìwọlé. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé wà nínú ìwé tó tẹ̀ lé èyí, n kò ní í tún un sọ níbí.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Òbí mélòó kan ti bi àwọn tíṣà wa léèrè bóyá kí àwọn ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọdún méjì, kó lè tètè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èsì tèmi ni pé kí ẹ má rà á.

Lọ́dún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní Seattle, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Wọ́n mú àwọn tó ń sọ èdè Mandarin ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, kí wọ́n máa kàwé fún àwọn ọmọ náà, kí wọ́n sì máa bá wọn ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n pàdé láàárín nǹkan bí oṣù kan, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ń dá ìró Mandarin mọ̀ bí ọmọ tó ń dàgbà ní Taiwan, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè náà. Àwọn ọmọ mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn ènìyàn kan náà, fún iye àkókò kan náà, àmọ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí i. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn o, síbẹ̀ wọn ò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀.

Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe ni pé ènìyàn máa ń wo ojú ọmọ. Bí ọmọ bá nawọ́ sí nǹkan, a ó dárúkọ rẹ̀ fún un. Bó bá rẹ́rìn-ín, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Tẹlifíṣọ̀n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ọmọ tó mọ orin Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ sórí, tí kò lè sọ fún tíṣà rẹ̀ pé inú ń run òun.

Ẹ̀yin tí màmá àgbà wà ní London, tó ń fi fídíò pe ọmọ lórí fóònù, ẹ má fòyà. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ọmọ bí ọdún méjì sí méjì àbọ̀ lè kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun látọ̀dọ̀ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fídíò, torí onítọ̀hún ń dá a lóhùn. Fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù kan àwa àgbà. Lọ́dún 1978, Edward Tronick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde: ìyá á kọ́kọ́ bá ọmọ rẹ̀ jòjòló ṣeré, lẹ́yìn náà á kàn máa wò ó, láìsọ̀rọ̀, láìrẹ́rìn-ín. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí i, á nawọ́, á tún gbìyànjú. Nígbà tó bá rí i pé ìyá ò dáhùn, á yíjú kúrò. Irú rẹ̀ ni mò ń rí lẹ́nu géètì wa lọ́sàn-án: ọmọ á sáré jáde pẹ̀lú àwòrán tó yà, màmá tàbí dádì wà lórí fóònù, wọ́n á gba báàgì, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó di ilé. Látìgbà ìwọlé sáà kẹta, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá wá mú ọmọ parí ìpè rẹ̀ kó tó wọ géètì. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní í dùn sí i.

Èdè wo lẹ ó wá máa bá ọmọ sọ? Èyí tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì dẹ́rù bà yín. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì gbẹ́yìn lẹ́nu wọn.

Ní sáà tó ń bọ̀, a ó máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní gbogbo ọ̀sán Ẹtì. A nílò ìyá àgbà àti bàbá àgbà tó lè pa á, tí kò ní í bínú bí ọmọ bá já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé wa kí a tó gba ọlidé. Ọjọ́ ìwọlé wà lórí ìwé èsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé