John Peel: Etí Ni Ọkùnrin Náà Fi Ṣiṣẹ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí n fi rántí ọkùnrin kan tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá, tí n kò sì fojú kàn rí títí ó fi jáde láyé, ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ wà lára àwọn ohùn tí mo gbọ́ dàgbà. John Peel ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, atọ́kùn ètò orin lórí rédíò BBC, ilé iṣẹ́ rédíò àwọn ará Bìrìtìkó. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni àìsàn ọkàn kọlù ú lójijì ní ìlú Cusco, lórílẹ̀-èdè Peru, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ rìnrìn àjò lọ, ó sì kú lẹ́ni ọdún 65. Gbogbo ìgbà tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé ni mo máa ń rántí rẹ̀, àmọ́ ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí ni pé mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ DJ pé ẹnu ni gbogbo iṣẹ́ náà, pé ẹni tó bá lè pariwo lórí orin tí ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi ni yóò gbajúmọ̀. Ẹni tí mo mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́ yìí jù lọ kò fi ẹnu ṣe é. Etí ló fi ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni rédíò tí a fi ń gbọ́ ọ. Yàtọ̀ sí ètò tó ń ṣe fún àwọn ará Bìrìtìkó lálaalẹ́, Peel tún ní ètò orin kan lórí BBC World Service, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ń fi ṣọ́ọ̀tì wéèfù gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi ìka méjì yí bọ́tìnnì rédíò náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ìdérí ohun tó lè fọ́, títí ohùn náà yóò fi mọ́lẹ̀. Ohùn náà á lọ, á bọ̀, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti òdìkejì odò. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà kò pariwo rárá. Yóò dárúkọ ẹgbẹ́ olórin, yóò dárúkọ orin, nígbà mìíràn yóò sọ ìlú tí wọ́n ti wá, yóò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Orin yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì tán pátápátá, kó tó tún sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ máa ń dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn orin, bí ẹni pé òun náà ṣì ń gbọ́ ọ lọ́kàn.

Ó máa ń ṣe àṣìṣe pẹ̀lú. Àwọn tó lo ẹ̀rọ giramafóònù mọ̀ pé àwo kan ń yí ní ìwọ̀n ìgbà 33 láàárín ìṣẹ́jú kan, òmíràn ní ìwọ̀n ìgbà 45. Peel a máa gbé àwo sí ìwọ̀n tí kì í ṣe tirẹ̀, olórin a wá máa ké bí ọmọdé tàbí kó máa fa ohùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Òun fúnra rẹ̀ yóò sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́, yóò tọrọ gáfárà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ orin náà lọ́tun. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé ẹni tó bá lè jẹ́wọ́ pé òun ṣì í níṣojú gbogbo ayé, ó tọ́ kí a gbà á gbọ́ nígbà tó bá sọ pé orin kan dára. Mi ò rí ohun tí mo lè fi jiyàn ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Heswall, nítòsí Liverpool, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 1939, Ravenscroft sì ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Oníṣòwò òwú ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ní Dallas, iṣẹ́ rédíò rẹ̀ sì tún gbilẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí orúkọ ẹgbẹ́ Beatles, àwọn olórin ọmọ Liverpool, gba gbogbo ẹnu tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti wá láti agbègbè Liverpool ti di ẹni iyì. Nígbà tó padà sílé lọ́dún 1967, Radio London ló bá ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ rédíò kan tí kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi lórí òkun. Ibẹ̀ ni ó ti di Peel. Òfin ti ọkọ̀ náà pa ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Nígbà tí BBC ṣí Radio 1, ìkànnì orin rẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ó wà lára àwọn atọ́kùn àkọ́kọ́. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà ló lọ tán níkọ̀ọ̀kan. Òun nìkan ló kù títí ikú fi dé, ọdún 37 gbáko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dùn mọ́ mi jù ni ti àwọn orin tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ fún ètò rẹ̀, pàápàá ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ BBC ní Maida Vale, ní London. Àdéhùn kan wà nígbà náà láàárín BBC, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo jáde, tó fi gbèdéke sí iye wákàtí tí wọ́n lè fi gbé àwo sáfẹ́fẹ́ lójúmọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn olórin pé bí àwo bá gba gbogbo àkókò, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, dandan ni kí BBC máa pe olórin wá ṣeré, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n sì sanwó fún wọn. Ohun tí àwọn mìíràn rí bí ìdènà ni Peel àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ètò náà sọ di ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ olórin tí kò tíì ní àwo kankan lọ́jà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ni wọ́n á pè. Wọ́n á kó irinṣẹ́ wọn wọlé, wọ́n á kọ orin bíi mẹ́rin, kí ọjọ́ náà sì tó parí, iṣẹ́ ti tán. Irú ìgbohùnsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé ní 4,000, àwọn tó sì ṣe é lé ní 2,000. Olórin David Bowie ṣe é nígbà tí ayé kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ The Fall nìkan ṣe é nígbà 24.

Báwo ló ṣe ń mọ àwọn tí yóò pè? Ó ń gbọ́ wọn ni. Àpò lẹ́tà rẹ̀ kì í gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ láti gbogbo ìgbèríko ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i, ó sì máa ń gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wakọ̀ láti ilé rẹ̀ ní Suffolk lọ sí London. Lọ́dún 1978, àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan láti Derry, ní Northern Ireland, tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní The Undertones, fi àwo kékeré kan ránṣẹ́. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ, “Teenage Kicks” lorúkọ rẹ̀. Peel gbé e sáfẹ́fẹ́. Nígbà tó tán, ó dá abẹ́rẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì tún gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn tó lè ju ìyẹn lọ, kò sì ná an ju pé kó na ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Kí n má purọ́, Olóòtú, púpọ̀ nínú orin tó ń gbé jáde kò wọ̀ mí létí. Ariwo pọ̀ nínú àwọn kan tó fi jẹ́ pé ìyá wa máa ń bi wá bóyá rédíò ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn irú ariwo bẹ́ẹ̀ gan-an ni gìtá àwọn ará Zimbabwe yóò wọlé, mímọ́ gaara bí omi tó ń kán sórí òkúta. Ní nǹkan bí ọdún 1986, òun àti Andy Kershaw, tí òun náà jẹ́ atọ́kùn ní Radio 1, ni wọ́n wà nídìí bí àwọn ará Bìrìtìkó ṣe mọ Bhundu Boys, ẹgbẹ́ olórin Zimbabwe kan. Ohun tó wú mi lórí ni pé Peel kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sọ pé, “Ó yá, ó kan orin Áfíríkà.” Àárín àwọn ọmọ Manchester àti àwọn ará Jàmáíkà ló fi wọ́n sí, ó dárúkọ wọn bó ṣe ń dárúkọ gbogbo ènìyàn, ó sì pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró nínú yàrá nígbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ irú rẹ̀.

Láti ọdún 1998, ó tún ń ṣe ètò mìíràn láàárọ̀ Sátidé lórí Radio 4, níbi tí àwọn ènìyàn tí kò lókìkí ti ń sọ ìtàn inú ilé wọn. Iṣẹ́ etí kan náà ni, bí a bá wò ó dáadáa.

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú rẹ̀ kàn, ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí lórí fóònù. Gbogbo ohun tó sọ ni pé, “Àbúrò, ọ̀rẹ́ wa ti lọ.” Mo mọ ẹni tó ń wí. Radio 1 ya ètò ọjọ́ náà sọ́tọ̀ láti fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, èrò kún inú àti ìta kàtídírà ìlú Bury St Edmunds, orin àwọn ọmọ Derry yẹn ni wọ́n sì fi gbé pósí rẹ̀ jáde. Great Finborough, abúlé rẹ̀ ní Suffolk, ni wọ́n sin ín sí. Lára òkúta ibojì rẹ̀, wọ́n kọ ìlà kan láti inú orin yẹn, bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ó dùn mí pé BBC kò tọ́jú púpọ̀ nínú àwọn ètò rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ló tọ́jú wọn. Àwọn tó jókòó ti rédíò lóru, tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì gbà á sílẹ̀, ni wọ́n kó o jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí wọ́n ń pín in láàárín ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín bá ní irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, ì báà jẹ́ ti Peel tàbí ti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tiwa kan tó ti lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe gba orin mìíràn lé e lórí. Kó wá ẹni tó lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí téèpù náà tó já.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ èmi, ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ariwo afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lápá ìparí, obìnrin kan ń kọrin ní èdè tí n kò gbọ́, gìtá méjì ń dá ara wọn lóhùn lẹ́yìn rẹ̀. Orin náà tán. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ yẹn tẹ̀ lé e, mo sì gbọ́ tí Peel fa èémí láti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ibẹ̀ ni téèpù ti tán. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òun mọ orin náà, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí yín, kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín