Bí ewé bá ṣiṣẹ́, kí ni ẹ̀rí rẹ̀?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àríyànjiyàn lórí ìwòsàn àdáyébá ti wá dà bí ìjà orogún. Apá kan ní ewé kì í pa èèyàn lára, apá kejì ní ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan.

Ẹ wo Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan ló kà, tó ní kí wọ́n rẹ ewé kan sómi, kí wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, kí oníbà mu ún. Ìwé náà kò ní kí wọ́n sè é. Ibẹ̀ lobìnrin yìí ti fura pé iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Bó ṣe rí oògùn ibà tó ń jẹ́ artemisinin nìyẹn, tí wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn kí ayé tó gbà á.

Ṣùgbọ́n ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, egbòogi tí wọ́n fi ń dín sísanra kù, tó ní ewéko kan tó ń jẹ́ Aristolochia nínú, ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́. Inú igbó ni òun náà ti wá o!

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìfipamọ́. St John's wort, ewé kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ń lò ó kì í sọ fún dókítà. Àwọn dókítà náà pín nínú ẹ̀bi: aláìsàn tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín