Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ìjà Yìí Kàn Wá

Númérì 32:6 — "Àwọn arákùnrin yín yóò ha lọ sí ogun, kí ẹ̀yin kí ó sì jókòó níhìn-ín bí?"

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àwọn ọmọ Gádì àti àwọn ọmọ Rúbẹ́nì ti rí ilẹ̀ tó dára fún ẹran ọ̀sìn wọn kí wọ́n tó kọjá Jọ́dánì. Ara ti tù wọ́n, ni wọ́n bá ní àwọn kò lọ mọ́. Ìbéèrè tí Mósè bi wọ́n nìyẹn, ó sì yẹ kó kan àwa náà lára ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń rántí Selma yìí.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1965, nǹkan bí 600 ènìyàn gba orí afárá Edmund Pettus ní Selma, Alabama, wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Montgomery, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, nítorí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú láti dìbò. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ àti àwọn ọmọlẹ́yìn ṣẹ́ríìfù fi kóńdó àti tajútajú lé wọn padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Dókítà Martin Luther King, pásítọ̀ tó ń ṣíwájú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú, ti fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run káàkiri Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá bá òun rìn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ méjì péré ló fún wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún pásítọ̀, àlùfáà Kátólíìkì àti rábì Júù ló wọ ọkọ̀ òfuurufú wá.

Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n má tíì rìn. King kó nǹkan bí 2,000 ènìyàn dé orí afárá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbàdúrà, ó sì ní kí gbogbo wọn yí padà. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n yí padà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí i, wọ́n tún gbéra ní ọjọ́ 21, wọ́n sì pa àṣẹ mọ́ pé ènìyàn 300 péré ni kó rìn níbi tí títì ti dín. Nígbà tí wọ́n fi dé Montgomery ní ọjọ́ 25, wọ́n ti tó 25,000. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ètò pẹ̀lú. Ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún wa.

Jimmie Lee Jackson, díákónì ọmọ ọdún 26 tí ọlọ́pàá yìnbọn lù ní Marion, ni ikú rẹ̀ fa ìrìn náà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, àwọn kan tún lu James Reeb, òjíṣẹ́ aláwọ̀ funfun tó ti Boston wá jẹ́ ìpè. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta.

Kí ni wọ́n ń torí ẹ̀ kú? Ìforúkọsílẹ̀ láti dìbò. Ní Selma, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ àti ìkẹta nínú oṣù nìkan ni ọ́fíìsì rẹ̀ ń ṣí. Ènìyàn dúdú tó bá débẹ̀ yóò ṣe ìdánwò, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yóò sì pinnu bó ṣe wù ú. Nínú nǹkan bí 15,000 tó tó ìbò dì, bí 300 ló rí orúkọ kọ.

Ààrẹ Johnson buwọ́ lu òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ó buwọ́ lu òfin mìíràn tó pa ètò ìwọ̀lú tó ń ṣojúsàájú àwọn ará Yúróòpù rẹ́. Ilẹ̀kùn yẹn ló ṣí kí irú wa tó pọ̀ ní Houston. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi mọ́ pé "ìjà àwọn akátá" ni. Orúkọ yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kó tán lẹ́nu wa.

Ẹni tó ti di sítísìn, fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kún un lórí ìkànnì ìpínlẹ̀ Texas, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń kún un lórí fóònù tí wọ́n rò pé ó ti parí. Ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò ni àkókò rẹ̀ ń tán. Ọmọ tó bá pé ọdún 17 àti oṣù 10 lè kún un. Orúkọ tó wà lórí láísẹ́ńsì ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ Ṣeun bó bá jẹ́ Olúwaṣeun ló wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti búra láti di sítísìn, ẹ mú sẹ̀tífíkéètì yín lọ sí DPS, ọ́fíìsì tó ń ṣe láísẹ́ńsì ọkọ̀ ní Texas, kíákíá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ìjọba Texas gbé orúkọ nǹkan bí 95,000 jáde pé ó jọ pé wọn kì í ṣe sítísìn. Àkọsílẹ̀ láísẹ́ńsì àtijọ́ ni wọ́n lò, ọ̀pọ̀ tó ti búra ló sì bọ́ sínú rẹ̀. Ẹjọ́ ni wọ́n fi dá a dúró.

Ẹni tó ṣì ń lo green card, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yìí, kódà bí òṣìṣẹ́ DPS bá fi lọ̀ yín. N-400, fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fi ń béèrè láti di sítísìn, yóò bi yín bóyá ẹ ti forúkọ sílẹ̀ rí, ó sì lè dá ènìyàn padà sílé. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ fi mọ́tò gbé àwọn àgbà, kí ẹ sì bá àwọn tó wà lórí ìlà mójú tó ọmọ.

Ẹ má gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹlòmíràn bí county (ìjọba ìbílẹ̀) kò bá tíì yàn yín ní volunteer deputy registrar, ìyẹn olùyọ̀ǹda tí a fún láṣẹ láti gba fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀. Ti county Harris yàtọ̀ sí ti county Fort Bend. Ẹni tí wọ́n yàn gbọ́dọ̀ fún ènìyàn ní rìsíìtì, kó sì fi fọ́ọ̀mù jíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 5. Nídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ìjọ wa, a kò ní dárúkọ olùdíje kankan.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, òfin gbà kí ẹ mú ẹni tó wù yín wọ ibi ìdìbò kó ràn yín lọ́wọ́. Ọmọ, aládùúgbò, ẹni yòówù ni, àyàfi ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín àti aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọn yóò ní kó búra níbẹ̀. Kó múra sílẹ̀ fún un.