Ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn, ta ní ń bá wọn sọ̀rọ̀?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Iṣu ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì níbí. Ó ti lé ní ọdún méjì tí kíndìnrín ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ti daṣẹ́ sílẹ̀, tí a ti ń gbé wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni dókítà kọ, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin nídìí ẹ̀rọ. Bí ọjà ò bá tà, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń rí ṣe.

Àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ ti sọ ti owó. Mo dúpẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan máa já láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn wọn kan. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó kárí. Ọ̀rọ̀ ọkàn àwọn aláìsàn yìí ni mo bá wá.

Iyán ni oúnjẹ ọkọ mi láti kékeré. Dókítà wá ní kí a gé iṣu wẹ́wẹ́, ká bọ̀ ọ́, ká da omi rẹ̀ nù, ká tún un bọ̀, kí wọ́n sì jẹ díẹ̀, torí èròjà kan tó ń jẹ́ potassium tí kíndìnrín ò lè gbọ́n jáde nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Omi mímu pàápàá, wíwọ̀n ni. Ife ike kékeré kan ló wà lórí tábìlì wa, èmi ni mo ń bu omi sí i. Nínú oṣù kejì tí oòrùn mú gan-an, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti di ife yẹn mú lófìfo, tí wọ́n ń fi ètè tọ́ etí rẹ̀ wò. Ńṣe ni mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, mi ò lọ lọ́la."

Mo ní, "Owó wà o, Bàbá Ìbejì."

Wọ́n ní, "Kì í ṣe owó. Ó ti sú mi."

Àyà mi já. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, tó wá pa ẹ̀rọ tì, kì í pẹ́ lọ títí.

Mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún wọn níṣìírí, ká máa gbàdúrà. Mi ò bínú sí i, àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. À ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n wọn kì í sùn lóru, oúnjẹ ò wù wọ́n, ó ń rẹ̀ wọ́n ṣáá. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì á ní àìsàn ló fà á. Òótọ́ ni. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà sì ń fà á. Ta ni yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá bi wọ́n léèrè?

Aláìsàn ẹgbẹ́ wọn ló bi wọ́n. Màmá kan láti apá Ìjerò, lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, ló yíjú sí ọkọ mi: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà máa ń lálàá omi?" Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹkún ló tẹ̀lé e. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí ẹ̀rọ fi parí iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ohun tí wọn ò sọ fún mi rí: pé àwọn ti di ẹrù sí mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jẹun.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: níbi gbogbo tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní Èkìtì, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí ẹnì kan tí a kọ́ níṣẹ́ ìdámọ̀ràn máa jókòó ti àwọn aláìsàn. Wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ tó fún un. Kó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín ti bàjẹ́, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni ayé dojú rú. Bó bá di pé ẹnì kan nílò oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, kí dókítà kíndìnrín mọ̀ sí i, torí kì í ṣe gbogbo oògùn ni ara wọn lè gbé. Kí wọ́n sì máa bi àwa tí à ń tọ́jú wọn náà. Ìdí iṣu ni mo ti ń sunkún tèmi. Mo máa ń nu ojú kí n tó délé.

Màmá Ìjerò yẹn ò wá ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Ọkọ mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà wọ́n.

Ìyá Ìbejì, oníṣu,
Adó-Èkìtì