Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ṣé ẹni tó ń ta béèsì kì í ṣe èèyàn ni?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ Sátidé nípa orin black metal, irú rọ́ọ̀kì aláriwo kan, tàwọn ará Nọ́wè, inú bí mi débi pé tíì mi tutù síbẹ̀. Odidi ojú ewé kan! Ẹ dárúkọ ẹni tó pààyàn, ẹ dárúkọ ẹni tí wọ́n pa, ẹ sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dáná sun, kódà ẹ sọ ti ọ̀dà funfun tí wọ́n ń kùn sójú, àmọ́ ẹni tó ń ta béèsì, ìyẹn gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, fún báǹdì Mayhem látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò dárúkọ ẹ̀. Kí ló fi ṣe yín?

Jørn Stubberud lorúkọ ẹ̀, Necrobutcher ni wọ́n ń pè é. Òun àti Euronymous tó ń ta gìtá àti onílù kan ló dá báǹdì yẹn sílẹ̀ ní Langhus nítòsí Oslo ní 1984, ọmọ ọdún 16 ni. Òun ló ta béèsì inú àwo wọn, Deathcrush, ní 1987, 1,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tí Dead tó ń kọrin fún wọn gbẹ̀mí ara ẹ̀ ní 1991, Euronymous ló bá òkú ẹ̀, kó tó pe ọlọ́pàá ó ti ń ya òkú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní fótò, ọ̀rọ̀ yẹn bí Necrobutcher nínú, ó gbé gìtá ẹ̀ ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe bí ọmọlúàbí nínú gbogbo ìtàn yẹn lẹ fò dá! Ó padà dé ní 1995, ó sì ń tà á lọ.

Ẹ tún ní ariwo gìtá àti ìlù lásán ni orin wọn. Ó dáa. Varg Vikernes tó pa Euronymous lóṣù kẹjọ 1993, òun náà ló ta béèsì inú àwo Mayhem, De Mysteriis Dom Sathanas, tó jáde ní 1994. Àwọn òbí olóògbé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ béèsì apààyàn yẹn kúrò, wọn ò yọ ọ́. Tí béèsì ò bá já mọ́ nǹkan, kí ló ń dun àwọn òbí yẹn? Orúkọ black metal gan-an, ara àwo báǹdì Venom ti 1982 ni wọ́n ti mú un, ará Newcastle ní England ni wọ́n, Cronos tó ń kọrin fún wọn náà ló ń ta béèsì.

Ọdún 22 rèé témi náà ti ń tà á, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá níbi ìsìnkú kan, ẹ̀msíì dárúkọ onílù, ó dárúkọ oníkíbọ́ọ̀dù, ó tiẹ̀ kí ẹni tó ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀, ó wá ní "àtàwọn yòókù." Èmi nìkan ni àwọn yòókù o. Bákan náà làwọn ọ̀gá tó ń pín àmì ẹ̀yẹ orin, wọ́n jókòó sínú ẹ́ẹ̀sì, wọn ò mọ okùn tó nípọn yàtọ̀ séyìí tó tínrín.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Tẹ́ ẹ bá ti ń kọ nípa àwo orin kan, ẹ ya àpótí kékeré kan sísàlẹ̀, ẹ kọ ẹni tó kọrin, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lùlù, àti ẹni tó ta béèsì, pẹ̀lú ọdún tó wọlé àti ọdún tó kúrò, kẹ́ ẹ tiẹ̀ fi ti béèsì ṣáájú. Tí àyè ò bá tó, ẹ yọ fótò ọ̀dà ojú yẹn kúrò. Tí oníròyìn yín ò bá mọ̀ ọ́n, kó yí ẹ̀yìn páálí àwo náà wò, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kí rédíò náà máa dárúkọ wa. Kí àwọn tó ń tọ́jú sáùǹdì sì yéé yí tiwa wálẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kọ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Jørn, ẹ má gbàgbé ìlà tó gba inú "o" yẹn kọjá.

Èmi ni,
Oníbéèsì, Ìbàdàn