Níbo lẹ ti ń bọ̀? Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi wá

Olóòtú,

Inú ṣì ń bí mi o. Àbúrò mi ti Brazil dé, kò pẹ́ tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, ẹ̀yìn ojú ń ro ó, gbogbo oríkèé ara ń dùn ún. Nílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí malaria níbẹ̀, síbẹ̀ oògùn malaria náà ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́, wọ́n sì fi aspirin kún un. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Owó nìkan ni wọn ò gbàgbé láti béèrè.

Ilé ìwòsàn mìíràn ló sọ fún wa pé dengue ni, àìsàn ibà kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Aspirin fún ẹni tó ní dengue! Òun àti ibuprofen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Paracetamol àti omi mímu ló yẹ ẹ́. Ìgbà tí ara bá sì ń tutù, tí ará ilé ti ń dúpẹ́, ni inú rírun kíkankíkan, èébì àti ẹ̀jẹ̀ ẹnu máa ń yọjú sí ẹlòmíràn.

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Ní pápákọ̀ òfurufú, káàdì àjẹsára ibà pọ́njú ni wọ́n ń tú àpò èèyàn wò fún. Ó dáa, ṣùgbọ́n àjẹsára yẹn kò dí dengue lọ́nà, kò sì dí Zika tàbí chikungunya, àwọn àìsàn mìíràn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Ní 2007, arìnrìn-àjò kan tó ti Íńdíà dé ló gbé chikungunya wọ abúlé kan ní Ítálì. Ẹ̀fọn ibẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì gbé e fún àwọn ará àdúgbò, títí èèyàn tó lé ní 200 fi kó o. Ṣé ó dìgbà tó bá dé bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bi wá pé níbo la ti ń bọ̀?

Ohun tí mo fẹ́ kò wọ́n: ìwé pélébé kan, kí wọ́n fi lé olúkúlùkù arìnrìn-àjò lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kí orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀ àti ọjọ́ tó dé wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Bí ibà bá mú ọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, fi ìwé yìí han dókítà, má lo aspirin, má sì jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ ọ́." Kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ọkùnrin tó ti ibi tí Zika wà dé ní láti lo kọ́ńdọ̀mù fún oṣù mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di ti orí fóònù. Ta ló ń ka ìyẹn? Nọ́ọ̀sì tó bá rí ìwé náà kò ní nílò kó ronú jìnnà.

Kí ilé ìwòsàn ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ dengue wò. Kí wọ́n sì sọ fáwọn tó ń rìnrìn àjò pé àwọ̀n orí ibùsùn nìkan ò tó, ojúmọmọ ni ẹ̀fọn Aedes, irú èyí tó ń gbé àwọn àìsàn wọ̀nyí, ń jẹni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tí inú ń bí