Sí ọmọ mi tó fẹ́ ṣe míṣọ́nnárì: má bẹ̀rẹ̀ ìtàn Etiópíà láti 1638

Adébáyọ̀ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le ní sẹ́mínárì. O ní o fẹ́ kí wọ́n rán ọ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àti pé Agathange àti Cassien, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Kapuṣíìnì ará Faransé méjèèjì yẹn tí wọ́n pa ní Etiópíà, ni o fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ó dára. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí wọn.

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí o kọ nípa ikú wọn. Ní 1638, Fasilides, ọba Etiópíà, so wọ́n kọ́ ní Gondar, olú ìlú rẹ̀, okùn tí wọ́n fi ń di aṣọ wọn mọ́ra ni wọ́n sì fi so wọ́n. Ikú akọni ni wọ́n kú. Ohun tí o kò kọ ni ìdí tí ọba tó ń pe ara rẹ̀ ní Kristẹni fi ń wá àlùfáà pa.

Àlùfáà Kátólíìkì kan láti Sípéènì, Pedro Páez, ọmọ ẹgbẹ́ Jésúìtì, wọ Etiópíà ní 1603, lẹ́yìn tó ti jìyà ìgbèkùn ní Yemen fún bí ọdún méje. Kò kánjú. Ó kọ́ Ámháríkì, ó kọ́ Gíísì tí wọ́n fi ń jọ́sìn, ó jókòó ti àwọn ìjòyè, ó tẹ́tí sí wọn. Ó mọ̀ pé láti ọ̀rúndún kẹrin ni ilẹ̀ yẹn ti gba Kristi, nínú ìjọ tiwọn tí kò sí lábẹ́ Róòmù, àti pé kì í ṣe ilé kèfèrí ni òun wọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn Ọba Susenyos fi fà mọ́ ọn, títí ọba fi kéde ìgbàgbọ́ Kátólíìkì ní 1622, ọdún tí Páez kú.

Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló bà á jẹ́. (Èrò tèmi nìyẹn o, bí olùkọ́ rẹ bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, gbọ́ tirẹ̀ náà.) Afonso Mendes, Pátíríákì (olórí bíṣọ́ọ̀bù) láti Pọ́túgà, dé ní 1625. Ó ní kí wọ́n tún gbogbo ìlú rì bọmi, kí wọ́n tún fi àwọn àlùfáà wọn joyè, kí wọ́n má kọlà mọ́, kí wọ́n má pa Sátidé mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n sì yí ọjọ́ ààwẹ̀ àti ọdún wọn bá ti Róòmù mu. Wo bàbá arúgbó tó ti ń gba Ara Olúwa láti kékeré, tí àjèjì wá ń sọ fún un pé kò tíì ṣèrìbọmi! Idà ọba ló sì wà lẹ́yìn àṣẹ yẹn. Ìlú dàrú, ọ̀tẹ̀ ń gorí ọ̀tẹ̀. Walatta Petros, obìnrin ọlọ́lá, kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ torí pé ti ọba ni ọkọ ń ṣe; ẹni mímọ́ ni ìjọ wọn ń pè é títí dòní. Àwọn náà ní àwọn tó jìyà nítorí ìgbàgbọ́, ọwọ́ àwa Kátólíìkì ni wọ́n sì ti jẹ ẹ́.

Ní 1632, lẹ́yìn ogun kan tí wọ́n ní ó pa tó 8,000 ènìyàn, wọ́n sọ fún Susenyos pé Kristẹni ni òkú tó sùn lọ bẹẹrẹ yẹn, ọmọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n. Ó ní kí oníkálukú padà sí ìgbàgbọ́ àwọn baba rẹ̀, ó gbé ìjọba fún Fasilides ọmọ rẹ̀, ó sì kú lọ́dún náà. Fasilides lé àwọn Jésúìtì jáde ní 1634. Lára àwọn tó sá pamọ́, wọ́n pa Bíṣọ́ọ̀bù Apolinar de Almeida. Àárín ìbínú yìí ni Agathange àti Cassien rìn wọ̀. Wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ohun tí Mendes ṣe, wọ́n tilẹ̀ ń bá àwọn Kọ́pítì, Kristẹni ìbílẹ̀ Íjíbítì, rẹ́ níbẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn ní Gondar?

N kò gbè sẹ́yìn Fasilides. Ọba tó so aláìṣẹ̀ rọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ẹni tí wọ́n bá ṣe inúnibíni sí ti jàre tán, òun àti gbogbo àwọn tó rán an.

Nítorí náà, bí wọ́n bá rán ọ, kọ́ èdè wọn kí o tó wàásù. Béèrè ìgbà tí wọ́n ń gbààwẹ̀, kí o sì gbà á pẹ̀lú wọn. Bí aláṣẹ kan bá ní òun yóò fi ọlọ́pàá kó èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o kọ̀ ọ́. N kò ní ìwà pẹ̀lẹ́ yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n. Justin de Jacobis, míṣọ́nnárì Kátólíìkì ará Ítálì, dé Etiópíà ní 1839, Gíísì ló fi ń ṣe Máàsì, síbẹ̀ wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tiẹ̀, ọmọ ilẹ̀ náà wà tó dúró tì í: Ghebre Michael, mọ́ńkì wọn tẹ́lẹ̀, tó kú nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní 1855.

Ìyá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ